Tower of Power (1973): ohùn tuntun yìí ńkọ́, ṣé ó bá ẹgbẹ́ náà mu?

Àkànní_Tánkẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àwo tí a fẹnu kò sí fún oṣù yìí ti wọ etí gbogbo wa, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹgbẹ́ olórin fọ́ǹkì ni Tower of Power, Oakland ní Kalifọ́níà ni wọ́n ti wá. Emilio Castillo àti Stephen Kupka, ẹni tí wọ́n ń pè ní Doc, ló dá a sílẹ̀ ní 1968. Sàsófóònù ni àwọn méjèèjì ń fọn. Rufus Miller ló lé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin inú àwo àkọ́kọ́, East Bay Grease (1970). Rick Stevens gba ipò rẹ̀ lórí Bump City (1972), òun ló lé orin You're Still a Young Man tó sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká. Kò pẹ́ tí Rick náà fi lọ, wọ́n mú Lenny Williams wọlé, àwo kẹta sì jáde ní 1973 pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ gan-an. Orin 10 ló wà nínú rẹ̀.

Èrò tèmi rèé kí ẹ tó sọ mí lókò. Onílù ni mí, ìlù ni etí mi kọ́kọ́ ń wá. David Garibaldi, onílù wọn, kì í lu ìlù síbi tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń retí rẹ̀. Lórí Soul Vaccination, bí o bá ní o fẹ́ pàtẹ́wọ́ sí i, ọwọ́ rẹ á ṣì. Àwọn ìlù wẹ́wẹ́ kan tún wà lábẹ́, èyí tó ń fi orí igi kàn lórí sínẹ́à (ìlù kékeré tó ń dún ṣákáṣáká) fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ìwọ tó ń gbọ́ ọ lásán ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ́, orin á wó. Lórí irú ìlù báyìí, akọrin tó bá ń na ohùn kọjá ààyè á ba nǹkan jẹ́. Rick máa ń nà á. Lenny máa ń gé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òun ni ẹgbẹ́ yìí ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àwọn méjèèjì dúró kí wọ́n kọrin láìsí ìlù láìsí fèrè, Rick ni màá sanwó wò.

Ó ti délẹ̀. Ẹ máa bọ̀.

Àlhájì_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Àkànní ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Màá bá ọ wí díẹ̀.

Ọdún 1973 tí ẹ ń pè yìí, mo ti gbọ́njú. Ọdún yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, tí pọ́n-ùn àti ṣílè kógbá wọlé. Ìpínlẹ̀ Kwara ò tíì ju ọmọ ọdún 6 lọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù ilẹ̀ òkèèrè tí a bá gbọ́ ní Pákátà nígbà yẹn, ẹni tó bá ti Èkó wọ ọkọ̀ ojú irin gba Ọ̀ffà wá ló máa ń gbé e wá, gbogbo àdúgbò á sì wá gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù yan orin, ẹ rọra.

Ohun tí mo fẹ́ sọ: orin tí wọ́n fi ń yangàn pẹ̀lú Lenny, ìyẹn So Very Hard to Go, dé ipò 17 lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà. Ti Rick, You're Still a Young Man, 29 ló dúró sí. Àwo 1973 fúnra rẹ̀ dé ipò 15. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ bí fèrè ṣe ṣí Young Man, tí ọmọkùnrin yẹn wá wọlé tó ń bẹ obìnrin tó sọ fún un pé ó kéré jù, yóò mọ̀ pé ohun tó ń dùn ún ló ń kọ. Lenny mọ orin kọ, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ó mọ́ jù fún mi ni. Mo máa ń retí kí ohùn rẹ̀ já níbì kan, kò já.

Ọdún 1973 yẹn náà, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí. Igo Chico tó ń fọn sàsófóònù tẹ́nọ̀ fún Fẹlá bínú kúrò. Fẹlá ò wá àlejò, ó gbé sàsófóònù náà fúnra rẹ̀, òun ló sì fọn ún lórí Gentleman. Kò tó Igo Chico lọ́wọ́ àtifọn ún, wáláì, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ fèrè di ọ̀kan. Irú ìyẹn ni mò ń wá nínú àwo yìí, n ò rí i.

Fèrè_Ìyẹ̀rúọ̀kín

Àlhájì, ẹ kú àgbà o. Èmi ò bá yín jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ìjàkadì ni orò ìlú wa ní Ọ̀ffà.

Ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ Rick àti Lenny mọ́ ara yín lọ́wọ́, ẹ ò wo ẹni tó ni ẹgbẹ́. Àwọn afọnfèrè ló ni ín! Greg Adams ló ń to fèrè yẹn. Ẹ fetí sí What Is Hip? lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ gbàgbé pé ẹnì kan ń kọrin. Ẹ gbọ́ bí trumpet àti sàsófóònù ṣe ń gé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe jọ ń mí, tí wọ́n jọ ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ṣòro jù. Ẹnikẹ́ni lè jọ bẹ̀rẹ̀. Kí ènìyàn márùn-ún jọ dúró lójijì láìsí ẹni tó rù kọjá, ẹ wá sí ibi ìdánrawò wa kẹ́ ẹ wá wò ó bó ṣe ń rí. Doc Kupka ní tiẹ̀ kì í pọ̀ lọ́rọ̀. Sàsófóònù ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ ló dì mú, á dúró títí ààyè á fi ṣí, á wá sọ "bọ̀ọ̀" kan ṣoṣo. Bọ̀ọ̀ yẹn ló gbé orin dúró.

Nígbà tí Elton John fẹ́ fèrè fún àwo Caribou ní 1974, ta ló ránṣẹ́ pè? Àwọn afọnfèrè Tower of Power ni. Kò ní kí akọrin wọn tẹ̀ lé wọn. Lenny kan sì wà nínú wọn tí mo bọ̀wọ̀ fún dáadáa: Lenny Pickett, ẹni tó ń fọn tẹ́nọ̀, tó padà lọ ń darí ẹgbẹ́ olórin Saturday Night Live lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ ń gbọ́ kàkàkí níwájú Émíà, ẹ sọ fún mi: nígbà tí kàkàkí bá dún, ta ló ń bèèrè ẹni tó ń kọrin?

Ọmọ_PS

Ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Ṣé Lenny Williams yìí náà ló kọ 'Cause I Love You? Torí mo mọ ohùn yẹn! Bọ̀dá mi máa ń gbọ́ Overnight Celebrity ti Twista, Kanye West ló po ìlù rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn láti kékeré, mi ò mọ olóhùn.

Àkànní_Tánkẹ̀

Òun náà ni. Ọdún 1978 ló ṣe ìyẹn, nígbà tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tó ń dá kọrin. Twista lò ó ní 2004. Wo bí ayé ṣe rí, ọmọ Unilorin tí ò tíì gbọ́ What Is Hip? rí ti mọ igbe Lenny láti ilé.

Àṣàbí_ỌmùÀrán

Mo kí gbogbo ilé. Àlhájì, mo kúnlẹ̀ kí yín. Bọ̀dá Fèrè, ẹ̀yin ni mo wá bá.

Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin báyìí. Ohun tí ẹ pè ní "ẹnì kan ń kọrin" yẹn, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún What Is Hip? gbọ́, kí ẹ fojú sí ibi tí Lenny ń parí gbólóhùn sí. Kò fi ohùn rẹ̀ kún ìlà dé òpin. Á sọ tiẹ̀, á gé e, á fi àlàfo kékeré kan sílẹ̀ fún fèrè láti dáhùn. Ohun tí Bọ̀dá Àkànní ń pè ní gígé nìyẹn. Akọrin tí ò mọ̀ pé fèrè wà lẹ́yìn òun ò lè ṣe é. Àwọn tí wọ́n ń lé orin ní ìjọ mọ ohun tí mò ń sọ: bí o bá lé orin, o gbọ́dọ̀ mọ ibi tí elégbè máa wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ ń kọlu ara yín ni.

Ẹ sì wá ìtàn rẹ̀ kà. Wọ́n bí Lenny ní Little Rock ní Arkansas, Oakland ló dàgbà sí. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ló ti kọ́ orin. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé trumpet ló kọ́kọ́ kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti mọ bí èémí ṣe ń ná afọnfèrè kí ó tó di akọrin wọn. Ẹ má ṣe pè é ní èrò inú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní bo àwo yìí láṣìírí. Will I Ever Find a Love? ti dùn jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣuni. Láti Both Sorry Over Nothin' títí dé ìparí, ọwọ́ wọn rọ̀. Orin mẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn, mo ń gbọ́ wọn, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ, n ò dúró lẹ́ẹ̀kan. So Very Hard to Go nìkan ló mú mi jókòó. Àlhájì ní ohùn Lenny ò já. Ẹ lọ fetí sí i nínú orin yẹn, níbi tó ti ń sọ pé òun ò lè ba obìnrin náà nínú jẹ́. Kò pariwo. Ó fà á sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkùnrin tó ń sunkún ní gbangba wà, èyí tó ń sunkún nígbà tó ń bọ ọkùnrin tó gba obìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ náà sì wà. Àwọn méjèèjì ló ń sunkún.

Fèrè_Ìyẹ̀rúọ̀kín

Àǹtí Àṣàbí, ẹ ti là mí lóhùn! Trumpet ló kọ́kọ́ kọ́, àbí? Ẹ ṣé gan-an. Ẹ ti bá mi parí ẹjọ́ mi. Afọnfèrè ni gbogbo wọn nígbà náà, àti ẹni tó ń kọrin.

Àṣàbí_ỌmùÀrán

Ẹ̀yin ará Ọ̀ffà yìí, Ọlọ́run á ṣe ìdájọ́ yín. 😂

Béèsì_Ajàṣẹ́

Ẹ fi ẹnu fóònù gbọ́ àwo yìí, ẹ wá ní ẹ ti gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá gbohùngbohùn tó dára tàbí èyí tí wọ́n ń fi sétí, kí ẹ padà wá sọ̀rọ̀.

Kò sí ẹni tó dárúkọ Rocco Prestia, ẹni tó ń ta gìtá béèsì wọn, látàárọ̀! What Is Hip? tí ẹ ń pariwo, ìka rẹ̀ ló gbé e rìn. Ìró 16 ló ń wọ inú báà kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló sì ń pa okùn lẹ́nu mọ́ kí ìró kọ̀ọ̀kan lè kúrú. Ṣùgbọ́n kò kúrú tí o ò fi ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo ti ń fi gìtá béèsì ṣiṣẹ́ jẹun láti ìgbà tí mo ti wà ní Pólì, apá mi ṣì ń rò mí kí orin yẹn tó dé ìdajì. Ọkùnrin náà ṣaláìsí ní 2020, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Lórí ọ̀rọ̀ akọrin: ó dáa. Èmi ò bá a jà.

Ọmọ_Onídàdàkúàdà

Àsàlámù àlékùn. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn wọlé.

Níbi tí èmi ti wá, ẹni tó ń lé orin ló ni ẹgbẹ́. Ẹ wo àwọn olórin dàdàkúàdà wa, Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, Jáígbadé Àlàó, Ọmọékẹ́ Àmàó: orúkọ wọn ni ẹgbẹ́ ń jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni a ń sanwó fún. Nígbà tí Ọdọ́láyé jáde láyé ní 1997, kò sí ẹni tó lè ní ká wá ẹlòmíràn dúró síbẹ̀ kó máa jẹ́ Ọdọ́láyé. Ilẹ̀kùn ti sé. Nítorí ìyẹn, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà pé ẹgbẹ́ kan pààrọ̀ akọrin lẹ́ẹ̀mejì kí àwo kẹta tó jáde, mo ní kí lèyí? Ṣé ẹgbẹ́ nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ilé Castillo àti Kupka ni, àwọn akọrin ni wọ́n ń yá yàrá níbẹ̀. Lenny ò pẹ́ kó tó kó jáde. Hubert Tubbs ló kọrin lórí àwo In the Slot ní 1975. Edward McGee gba iṣẹ́ ní 1976. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń lọ, títí dé Larry Braggs tó dúró láti 2000 sí 2013, ìyẹn ju ìgbà tí Lenny lò lọ ní ìlọ́po. Síbẹ̀, ẹ dá ẹnikẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ yìí dúró, kí ẹ ní kó dárúkọ orin wọn kan. What Is Hip? ló máa sọ, tàbí So Very Hard to Go. Ayálégbé tó lo ìgbà díẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹni tó bá ní akọrin ò ṣe pàtàkì, kó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ẹ tún wo Egypt 80, ẹgbẹ́ olórin Fẹlá. Lẹ́yìn tí Fẹlá kú ní 1997, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ náà, Lekan Animashaun àtàwọn mìíràn, ò lọ gba akọrin níta. Ṣéun tó jẹ́ ọmọkùnrin rẹ̀ tó kéré jù ni wọ́n gbé síwájú, àwo Many Things sì jáde ní 2008. Àwo yẹn dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ, bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú ohùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá Rick nínú ohùn Lenny. Òmìnira yẹn pọ̀.

Àlhájì_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Èmi wá a!

Àlékùmù sàlámù, ọmọ Onídàdàkúàdà. O sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ṣùgbọ́n má sọ pé kò sẹ́ni tó wá Rick. Mo wá a títí. Ẹ mọ ohun tó gbẹ̀yìn ọmọkùnrin náà? Oògùn olóró gbá a mú. Ní 1976 ó wọ gàù ìpànìyàn, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ọdún 36 ló lò níbẹ̀. Ọdún 2012 ló jáde, ó tún ń kọrin, ó sì kú ní 2017. Nítorí náà bí mo bá gbé Bump City sí i, èmi mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú, òun tó ń kọrin ò mọ̀. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí etí mi fì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi dá mi lẹ́jọ́.

Àṣàbí ọmọ mi, mo tún So Very Hard to Go gbọ́ gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ó dára. N ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alábòójútó

Ẹ kú ìjókòó. Ẹnì kan ti ń fi odindi àwo ránṣẹ́ síbí, mo ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń gbé e jáde lọ́nà tó tọ́, tàbí kí ẹ ra àtijọ́ rẹ̀. Ẹ má kó mi sí wàhálà.

Ọmọ_PS

Mo ti wá fi ohun tí wọ́n ń kì sétí gbọ́ ọ bí Bọ̀dá Béèsì ṣe ní ká ṣe. Ah! Béèsì yẹn! Iná ọba lọ láàárín Soul Vaccination, mo fi ìwọ̀nba bátìrì tó kù parí ẹ̀.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú What Is Hip?. Mo rò pé orin fáàrí ni. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ń fi àwọn aláfẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tí wọ́n ń wá ohun tó lòde kiri, tí ohun náà á ti yí padà kí wọ́n tó rí i rà. Ọdún 1973! Ẹ wá sí PS wa (ọgbà Unilorin) ní ọjọ́ tí ìdánwò bá parí, kí ẹ wá wo àwọn tí wọ́n ń kọ orin náà sí.

Àkànní_Tánkẹ̀

😂 Ọmọ yìí, wọ́n á lé ẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibi iṣẹ́ wa kún un. A gbìyànjú orin yìí ní òtẹ́ẹ̀lì tí a ti ń ṣeré. So Very Hard to Go wọlé wẹ́rẹ́, àwọn tọkọtaya dìde. Nígbà tí a bọ́ sí Soul Vaccination, ilẹ̀ dá. Àwọn ènìyàn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó níwájú wá bi mí bóyá ìlù mi ò bàjẹ́. Akọrin wa ló yọ wá. Ó rí i pé ìlù ò fún wọn níbi tí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn rẹ̀ tọ́ka ibẹ̀ fún wọn, ó ń gé ọ̀rọ̀ sórí ibi tó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi bá a mu. Ohun tí Lenny ń ṣe lórí àwo nìyẹn, mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, ibi tí mo ti ń lù ú lọ́wọ́ ni mo ti rí i.

Bọ̀dá Fèrè, ẹ ò ní gbà, mo mọ̀.

Fèrè_Ìyẹ̀rúọ̀kín

N ò gbà. Fèrè mélòó ni ẹ ní ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn?

Àkànní_Tánkẹ̀

Kíbọ́ọ̀dù la fi ń ṣe fèrè. Owó ni, bọ̀dá mi.

Fèrè_Ìyẹ̀rúọ̀kín

Ṣé ẹ rí i? Ẹ lọ fi kíbọ́ọ̀dù ṣe fèrè, ẹ wá ní akọrin ló yọ yín. Kí ni ì bá ṣe?

Béèsì_Ajàṣẹ́

😂😂 Ó mú un.

Àṣàbí_ỌmùÀrán

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Alábòójútó, èwo ni ti oṣù tó ń bọ̀? Mo dá Many Things lábàá, kí a lè wá ọmọ àti bàbá nínú ohùn kan bí ọmọ Onídàdàkúàdà ṣe wí.

Ọmọ_Onídàdàkúàdà

Mo fọwọ́ sí i.

Àlhájì_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Èmi náà. Mo ní ohun púpọ̀ láti sọ lórí ìyẹn.

Fèrè_Ìyẹ̀rúọ̀kín

Back to Oakland, 1974, ni mo dìbò fún. Àwo tó tẹ̀ lé eléyìí ni, Lenny ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ má ní mo ń ṣe ojúsàájú. Ẹ kàn bá mi gbọ́ Squib Cakes tó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Chester Thompson tó ń tẹ dùùrù ló kọ ọ́. Ó gùn, fèrè kún inú ẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọrin nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.